Bí Ìborùn Bá Wà Lórí Irin

“Mọ́mì Mofẹ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí o. Tí Mofẹ́ bá tún dìde kí ènìyàn nígbà tí ayò ń lọ lọ́wọ́, wọn ò ní kìlọ̀ fún un mọ́. Wọ́n á kàn ní ó ti pàdánù ni.” Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ayò ṣẹ́ẹ̀sì nílé ìwé ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́nu géètì, nígbà tí mo lọ mú un ní Ṣálẹ́ńjì, n’Íbàdàn. Mo kọ́kọ́ rò pé kò yé mi. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní nínú ìdíje tí wọ́n lọ kẹ́yìn, gbogbo ìgbà tí àgbàlagbà kan bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn ni Mofẹ́ ń fi àga sílẹ̀, tó ń kúnlẹ̀, tó ń ní “Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà”, kó tó padà jókòó. Ọmọbìnrin tó kọjú sí i fẹjọ́ sùn pé òun ò lè ronú. Rẹfirí, bàbá kan tó ti ní ewú lórí, wá síbẹ̀ láti kìlọ̀ fún Mofẹ́. Mofẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀ fún rẹfirí. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú olùkọ́ náà kò gba ẹ̀rín. Ó ní àwọn tó ń darí ìdíje ka ìkúnlẹ̀ yẹn mọ́ àwọn ìwà tí kò yẹ nídìí ọpọ́n: kíkan tábìlì, kíkọrin lábẹ́nú, mímì ẹsẹ̀, wíwo ẹnìkejì lójú bí ẹni tó fẹ́ jà. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọmọ, òun ni wọ́n kà mọ́ kíkan tábìlì.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sílé, Mofẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mọ́mì, ṣé kí n má kí wọn mọ́ ni?” Ìyá tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má kí àgbà mọ́, ẹni tó ń wá ẹ̀gàn ni. Èyí tó bá sì ní kó máa kí wọn lọ, òun náà ni yóò gba ọmọ mọ́ra lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé e dìde nídìí ayò. Bẹ́ẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ní gbọ̀ngàn kan ní Dùgbẹ̀, ni wọ́n máa yan àwọn ọmọ tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa, Mofẹ́ nìkan sì ni ọmọbìnrin tí ilé ìwé rẹ̀ mú. Ó ti ń fojú sọ́nà fún un láti ìgbà tí ó ti mọ bí ẹṣin ṣe ń fò lórí ọpọ́n. Nígbà tí mo dé ilé, mo fi iyọ̀ sí ìrẹsì, mo tún fi iyọ̀ sí i. Ibi tí mo ti ń da omi ìrẹsì náà nù ni mo ti rántí Ìyá Àgbà, àti ọdún tí ìborùn búlúù wọn fi ń rọ̀ lórí irin fàráńdà wa ní Agbowó.

Ilé tí à ń gbé nígbà náà kò tóbi. Àwa la wà ní iwájú, Bàbá Ṣínà àti ìyàwó wọn wà ní ẹ̀yìn, fàráńdà kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo wa. Ìjọ aládùúrà kan wà lẹ́yìn ògiri. Agogo wọn ló ń jí wa, kí rédíò Bàbá Ṣínà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ agogo, kí àwọn ọmọ Yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú títì pẹ̀lú ẹ̀rín wọn. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbá fàráńdà, kí n pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, kí n sì ṣa ẹ̀wà. Ọdún yẹn ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kó wá bá wa láti Èkìtì. Àpótí kan àti odó kan ni wọ́n gbé wá. Bàbá mi ní, “Ìyá, ṣé kò sí odó n’Íbàdàn ni?” Ìyá Àgbà ní, “Ó wà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí ni?” Láti ọjọ́ yẹn ni ìró odó ti di ìró Sátidé wa. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń gúnyán lọ́ọ̀ọ́kán, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń fẹ́ sáré lọ fọ àwo.

Ohun mìíràn tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní Sátidé ni ṣẹ́ẹ̀sì. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ní Sẹkitéríàtì, ti kọ́ ọ láti ilé ìwé, wọ́n sì kọ́ àbúrò wọn, Àǹtí Fúnkẹ́, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Ọpọ́n onígi ni. Ẹṣin kan ti sọnù nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ìdérí ìgò kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i, torí pé ìdérí ìgò náà ń fò bí ẹṣin gidi. Lójú èmi ọmọdé, kò sí ohun tó lẹ́wà tó ìjókòó àwọn méjèèjì. Bàbá mi tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ bí wọ́n bá dé láti ibi iṣẹ́ yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Àǹtí Fúnkẹ́ tí kì í lè jókòó síbì kan yóò fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, àfi bí àwòrán. Nísinsìnyí tí mo ti di ìyá, mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni mo ń wò. Ẹni méjì ń bá ara wọn jà láì sọ̀rọ̀ àbùkù síra wọn, bí wọ́n bá sì parí, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ìyá Àgbà kò tíì rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Ayò ọlọ́pọ́n tí wọ́n mọ̀ ní Èkìtì, tòṣé tẹ̀fẹ̀ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta á máa bú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, òǹwòran á máa dá sí i, gbogbo wọn á sì máa kí ẹni tó ń kọjá. Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n lò lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti ọ̀nà ọjà Bódìjà dé, wọ́n bá Àǹtí Fúnkẹ́ tó tẹ orí sórí ọpọ́n. Wọ́n dúró. Kò gbójú sókè. Wọ́n hó ọ̀fun. Àǹtí Fúnkẹ́ ta gìrì, ó fò dìde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní “Ìyá mi, ẹ kú ọjà o.” Ibi tó ti fẹ́ dìde lórí ìkúnlẹ̀ ló ti gbá tábìlì mú, ayaba tirẹ̀, ọmọ tó lágbára jù lórí ọpọ́n, sì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Fúnkẹ́, o ti fọwọ́ kàn án. Òun lo máa gbé rìn.” Mo ti wá mọ̀ pé òfin ṣẹ́ẹ̀sì kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tó bá ṣèèṣì, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, bàbá mi ni òfin. Ayaba rìn, bàbá mi pa á, ayò tí Àǹtí Fúnkẹ́ ti ń borí bọ̀ láti òwúrọ̀ sì dà nù. Ó wọ yàrá lọ, a sì gbọ́ tó ń fa imú.

Ìyá Àgbà bi bàbá mi pé kí ló pa ọmọ lẹ́kún. Bàbá mi ṣàlàyé. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ dópin, wọ́n jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n ní, “Ṣé kíkí tó kí mi ló jẹ́ kó fìdí rẹmi?” “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.” “Tí kò bá sì kí mi ńkọ́?” “Ì bá ti borí mi, Ìyá.” Ní gbogbo ọjọ́ náà, mo ń wo Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe ń ti ibì kan dé ibì kan nínú ilé, tí wọ́n ń mi orí, bí ẹni tí aṣọ méjì wù tí ara kò sì gba ju ẹyọ kan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó to ọmọ sórí ọpọ́n, Ìyá Àgbà bọ́ ìborùn búlúù tó wà léjìká wọn, wọ́n fi í kọ́ irin fàráńdà, wọ́n sì pe gbogbo ilé, títí kan Bàbá Ṣínà àti ìyàwó wọn. Wọ́n ní, “Bí ìborùn yìí bá wà lórí irin, ẹ má kí àwọn tó ń ta ayò, kí àwọn náà má kí yín. Ẹni tó bá ń kọjá, kó kọjá bí atẹ́gùn. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á sọ ìborùn kalẹ̀, wọ́n á sì wá gbogbo ẹni tó kọjá kàn, wọ́n á kí i, ibi yòówù tó bá wà.” Bàbá Ṣínà ní, “Ìyá, tí mo bá ti sùn ńkọ́?” Ìyá Àgbà ní, “Wọ́n á kí yín láàárọ̀. Ọbẹ̀ ló ń kan. Ìkíni kì í kan.”

Òfin náà kò tán síbẹ̀. Ìyá Àgbà kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì. “Ọba” ni wọ́n ń pe gbogbo èyí tó bá ga. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó ń da ènìyàn láàmú bí wọ́n ṣe mọ iyán tó ní kókó. Wọ́n ní kí òǹwòran má húkọ́ tí kì í ṣe ikọ́ àìsàn. Kó má pòṣé. Kó má jẹ ẹ̀pà. Kó má ní “hẹ̀n-ẹ́n” nígbà tí ẹnì kan bá gbé ọmọ rìn, torí pé “hẹ̀n-ẹ́n” ọ̀rọ̀ gígùn ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ètè tọ́ka. Ẹni tí kò bá gbé láàárín wa lè má mọ bí èyí ṣe ṣe pàtàkì tó, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá lè dákẹ́ bí odi kó sì fi ètè júwe ọ̀nà títí dé Ẹlẹ́yẹlé. Bàbá Ṣínà gan-an ni òfin yìí wà fún. Wọn ò mọ ṣẹ́ẹ̀sì dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn Àǹtí Fúnkẹ́, ètè wọn kì í sì í gbélé. Ìyá Àgbà wá ọgbọ́n kan dá sí i. Bí ayò bá ti gbóná, wọ́n á bu òkèlè iyán ńlá kan fún Bàbá Ṣínà. “Ẹ gbà, ẹ tọ́ ọ wò fún mi.” Bí Bàbá Ṣínà bá ti fi òkèlè sẹ́nu, ètè kò ráyè tọ́ka mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kérora pé, “Ìyá Èkìtì, ẹ fẹ́ fi iyán pa mí.” Ìyá Àgbà ní, “Ó sàn ju kí n fi ọ̀rọ̀ pa yín lọ.”

Wọ́n tún fi òfin de ara wọn. Iyán kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí isu bá tutù nínú odó, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ìborùn kò gbọdọ̀ dé orí irin kí odó tó dákẹ́. Bí bàbá mi bá ti to ọmọ tán, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa dúró de ìyá wọn, wọ́n á máa gbọ́ ìró odó tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iyán ṣe ń fẹ́ kúná. Ìyá Àgbà á nu ọwọ́, wọ́n á fi ìborùn kọ́, ilé á sì dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ayò, bàbá mi àti Àǹtí Fúnkẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ilé. Wọ́n á lọ kí Ìyá Ṣínà nídìí ààrò, wọ́n á kí Bàbá Ṣínà. Nígbà kan, mo rí bàbá mi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ ní ojú títì fún wòlíì ìjọ aládùúrà tó ti kọjá tipẹ́, tí wọ́n ń ní, “Ẹ kú àtẹ̀kọjá lẹ́ẹ̀kan, sà.”

Ó di Sátidé kan. Àǹtí Fúnkẹ́ ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń jẹ́ Dàpọ̀, ọmọ Àpáta, ọ̀rọ̀ wọn sì ti ń lọ sí ibi tí ìdílé méjèèjì á ti mọ ara wọn. Àǹtí Fúnkẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ tó ń gbàdúrà lórí ẹní wa pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n kọ òun, torí pé ìyá Dàpọ̀ ti rán ọmọbìnrin kan padà sílé bàbá rẹ̀ rí. Wọ́n ní ọmọ náà jókòó kí wọn. Ní Sátidé yìí, iyán ti kúná, ìborùn wà lórí irin, bàbá mi àti Àǹtí Fúnkẹ́ sì wà lẹ́nu ìjà. Èmi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin kan wọlé, ó wọ léèsì, ó gbé báàgì sọ́wọ́. “Ẹ kúulé o.” Mi ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Àǹtí Fúnkẹ́ nígbà tó gbé e sókè, mo sì mọ̀ pé ìyá Dàpọ̀ ni, pé wọn ò ránṣẹ́, wọ́n wá wo ọmọ náà nígbà tí kò múra sílẹ̀.

Àǹtí Fúnkẹ́ wo ìyá Dàpọ̀. Ó wo ìborùn. Ó wo Ìyá Àgbà. Bàbá mi na ọwọ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ní “lọ, kò burú”, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́. “Mo ní ẹ kúulé,” ni ìyá Dàpọ̀ tún wí, ohùn wọn sì ti yí padà. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà dìde kúrò lórí àpótí wọn. Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró. Wọ́n rìn lọ sí iwájú ìyá Dàpọ̀, àwọn tí orúnkún ń dùn, àwọn tí wọ́n lè bí ìyá Dàpọ̀ lọ́mọ, ìyá ìyàwó tó yẹ kí àwọn àna máa wólẹ̀ fún, wọ́n sì kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ìyá Dàpọ̀. “Háà! Ẹ̀yin kọ́, mà! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ré!” Àwọn náà ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú léèsì wọn. Ìyá Àgbà fi ìka kan sétè. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má fi ètè tọ́ka, wọ́n fi ètè tọ́ka sí ìborùn, sí ọpọ́n, sí ọmọ wọn. Wọ́n fa àga fún àlejò, wọ́n bu omi fún un, wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀. Ìyá Dàpọ̀ jẹ iyán láì sọ̀rọ̀, ojú wọn kò sì kúrò lára Àǹtí Fúnkẹ́. Bàbá Ṣínà yọjú láti ẹ̀yìn, wọ́n rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì padà sẹ́yìn láì jẹ́ kí bàtà wọn dún.

Àǹtí Fúnkẹ́ kò fi ọwọ́ kan ohun tí kò fẹ́ kàn. Ó ta ayò náà dé òpin, bàbá mi ló sì borí, àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà náà ni Àǹtí Fúnkẹ́ sọ ìborùn kalẹ̀, ó fi gbàjá, ó wá síwájú ìyá Dàpọ̀, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde bọ̀rọ̀. “Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú sùúrù wa. Ẹ kú ìdákẹ́ tí ẹ bá wa dákẹ́.” Ìyá Dàpọ̀ ní, “O ṣeun.” Ìyẹn nìkan. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n dágbére fún Ìyá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n lọ. Àǹtí Fúnkẹ́ sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá mi ní, “Ìyá, ẹ̀ bá ti sọ ìborùn yẹn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.” Ìyá Àgbà ní, “Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ torí ẹni ńlá, á jẹ́ pé Bàbá Ṣínà nìkan ni òfin náà dè. Ẹni yẹn ò sì ṣẹ̀ mí.” Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà, mo rò pé wọ́n ń dápàárá ni. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àpárá.

Ilé wa kò dùn fún ìgbà kan. Ìró odó gan-an wúwo. Dàpọ̀ kò yọjú, kò sì sí fóònù nínú ilé wa tí èèyàn lè fi bèèrè. Nígbà tó wá dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wa tán kó tó jíṣẹ́. Ó ní, “Màmá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá mọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí àna. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ náà, kí Ìyá fi ìborùn yẹn kọ́ irin fún àwọn, kí bàbá mi lè pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan láyé.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di irin fàráńdà mú. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wá ìborùn, wọ́n fẹ́ lọ fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ìrẹsì oníyọ̀ yẹn ti lọ sínú ike ìdọ̀tí, mo pe Àǹtí Fúnkẹ́ lórí fóònù ní Àpáta, níbi tí àwọn náà ti di ìyá àgbà. Mo ro ẹjọ́ Mofẹ́ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, “Bọ́lá, ta ló kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?” Mo ní, “Ìyá Àgbà ni.” Wọ́n ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Kí lo tún ń bi mí sí?” Mo pe Mofẹ́ wá sórí ibùsùn mi. Mo sọ fún un pé bí ayò bá ti bẹ̀rẹ̀, kó má dìde fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe rẹfirí, ì báà ṣe èmi tí mo bí i. Kó tọ́jú gbogbo ìkíni rẹ̀. Bó bá ti bọ ẹnìkejì lọ́wọ́ tán, kó wá wọn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kúnlẹ̀ fún wọn dáadáa. Ó rò ó, ojú rẹ̀ sì rú. “Tí wọ́n bá ní mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé ńkọ́, Mọ́mì?” Mo ní, “Wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Èmi máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni màá bá ọ kúnlẹ̀.”

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa mú ọmọ yín wá sí ìdíje, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ kàn fẹ́ wòran, ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá wọlé tí ọmọ kan kò gbójú sókè nídìí ọpọ́n, ẹ má hó ọ̀fun, ẹ má pe orúkọ rẹ̀, ẹ má sì dúró síbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó yín. Bí ẹ bá sì rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó kúnlẹ̀ fún yín tí kò sọ̀rọ̀, tó fi ìborùn búlúù bo èjìká, ẹ má pariwo pé kó dìde. Ẹ juwọ́ sí i, kí ẹ lọ jókòó lẹ́yìn. Ọmọ náà ń bọ̀ wá kí yín tó bá ta tán.